Lórí Omi, A Kì í Bá Atukọ̀ Jiyàn

Ohùn Moríkẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó gbọ́ ti òkun. Inú fóònù ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti jù ú sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ eré wa, níbi tí gbogbo ayé ti lè gbọ́ ọ: àwa tí a wà ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ níhìn-ín, àti àwọn ọ̀dọ́ Etikan tí wọ́n kọ́ eré náà lọ́wọ́ wa. Ó ní òun fẹ́ràn eré tí Àràmídé ṣe, ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Òfin yẹn ti sọ wá di ẹrù," ló wí. "A kì í ṣe èrò inú ọkọ̀ mọ́, ẹrù ni wá. Tí kò bá yí padà, èmi ó sọ̀ kalẹ̀."

Èmi ni Àràmídé. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀, mo tún gbé fóònù, mo tún gbọ́ ọ. Epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo ń tà. Mo to ike epo sórí pẹpẹ, mo tú u, mo tún un tò. Ara mi kò gba ìjókòó. Ká ní ó pè mí sẹ́yìn ilé tó bú mi, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó dúró níwájú ará Etikan, kó máa ṣa àléébù eré mi bí ẹni ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú edé, ìyẹn ni kò lọ nínú mi. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo sọ ọ́ síta.

Bóyá kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tó jẹ́, torí ẹni tó bá rí wa lókèèrè máa rò pé tẹ́tẹ́ ni. Àwọn àgbà ìjọ pàápàá rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, títí Mátíù tó ń hun àwọ̀n fi lọ bá wọn jókòó, tó ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó ń jẹ, kò sẹ́ni tó ń san. Kingsley ló mú irú rẹ̀ wá sílé. Ó ti ṣe kúùkù rí nínú ọkọ̀ ńlá àwọn elépo, láàárín agbami, ibẹ̀ ló ti rí àwọn òyìnbó tí wọ́n máa ń yí tábìlì ká lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á jẹ́ èèyàn inú ìtàn náà. Kálukú á sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ fẹ́ ṣe, á ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i, ìtàn á sì gba ibẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ní òfin nínú ìwé. Tiwọn kún fún ejò tó ń fò àti jagunjagun inú ihò àpáta. Nígbà tí Kingsley kọ́kọ́ ṣe é fún wa, Mátíù bi í pé ibo ni òun ti máa rí àpáta ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Èmi ni mo kó àpáta dànù. Mo fi ọkọ̀ sí i, mo fi ìgbì sí i, àwọ̀n, oníbàárà tó ya ahun, àti ẹ́ńjìnnì tó máa ń kú sójú agbami. Dáìsì lúdò la fi ń ṣe é, torí òun ló wà nílé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tún un ṣe. Mo pè é ní Ọkọ̀ Wa. Ní ọ̀sán Sátidé, tí àwọ̀n bá ti wà lórí okùn, èmi, Moríkẹ́, Kingsley àti Mátíù á tẹ́ ẹní sínú ṣọ́ọ̀bù mi, a ó wọ ọkọ̀ tí kò sí níbì kankan, a ó sì forí lé ibi tí ẹnì kankan kò tíì dé rí. Ẹni tó ń pa ìtàn là ń pè ní Atukọ̀. Èmi ni Atukọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi du ipò náà rí.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kó lọ sí Àkúrẹ́. Òkun ti mú ilé tí wọ́n bí wa sí lọ. Gbogbo ẹni tí a jọ lọ síléèwé ló ti bá tirẹ̀ lọ, ó ku Moríkẹ́. Aránṣọ ni, àfẹsẹ̀tẹ̀ ni máṣìnnì rẹ̀, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá ń wẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe eré náà bó ṣe yẹ. Tí mo bá ní òjò ń rọ̀ nínú ìtàn, Moríkẹ́ á fa aṣọ borí. Kingsley ń ṣeré torí ẹ̀rín, Mátíù ń ṣeré torí pé kò fẹ́ wà nílé. Tí Moríkẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀, eré náà kú nìyẹn, n kò sì mọ ohun tí èmi náà tún ń dúró ṣe ní ìlú tí omi ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ èyí dáadáa. Òun gan-an ló jẹ́ kí inú bí mi tó bẹ́ẹ̀.

Òfin tó ń bá jà kò ju gbólóhùn kan lọ: lórí omi, a kì í bá atukọ̀ jiyàn. Bàbá mi ló ni ín. Láti ibí dé Ode Mahin, dé Ìgbọ́kọ̀dá, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó èrò àti ẹja títí wọ́n fi kú, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe awuyewuye nínú ọkọ̀ wọn. "Tó o bá ní ẹjọ́, gbé e dé èbúté," ni wọ́n máa ń wí, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo èrò lẹ́nu. Nígbà tí mo ń ṣe eré mi, òfin yẹn ni mo kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Tí Atukọ̀ bá ti sọ pé báyìí ni ìtàn lọ, báyìí náà ló lọ. Ẹni tó bá ní àríwísí, kó mú sùúrù títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀.

Ní Sátidé tó ṣáájú ohùn yẹn, Moríkẹ́ ni ìyá elédé kan nínú ìtàn. Ó ní ẹni tòun rí ìgbì tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fẹ́ kí ọkọ̀ yà. Mo ní ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ju dáìsì. Mo ní kò sí dáìsì fún iyàn jíjà. Ìgbì dé, ọkọ̀ dojú dé, gbogbo wọn bá omi lọ, bí wọ́n ṣe bá a lọ nínú eré tó ṣáájú, àti èyí tó ṣáájú ìyẹn. Mátíù ń fi òkú ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, torí apẹ̀rẹ̀ ẹja ni ẹni tirẹ̀ dì mọ́yà títí ó fi rì. Moríkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára, eré ti parí, a ti gúnlẹ̀, kí a jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n àgbọ́njù. Mo ní kó wo àlàfo àárín pákó ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ó wò ó. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní omi. Mo ní ṣé ó wá rí i báyìí, a ò tíì gúnlẹ̀, orí omi la ṣì wà.

Kingsley rẹ́rìn-ín títí gààrí fi pá a lórí. Òpó kúkú ni gbogbo ilé wa dúró lé, láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ilé ìjọsìn. Tí a bá fi ti ìtumọ̀ tèmi ṣe, kò sẹ́ni tó máa lè bá mi wí ní ìlú yìí títí Olúwa yóò fi dé. Inú ara mi dùn sí ọgbọ́n náà. Moríkẹ́ ká ẹní tó jókòó lé, ó fi ti ògiri, ó ní ó dàbọ̀.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ wá jáde lórí fóònù, ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà. Àwọn Etikan ń fi ìka ìyìn sábẹ́ rẹ̀. Promise, tó jẹ́ Atukọ̀ tiwọn, kọ̀wé pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti yọ òfin yẹn dànù, ọkọ̀ tàwọn sì ti dé Kùtọnu nínú ìtàn. Kùtọnu. Tiwa kò tíì kọjá ẹnu odò rí. Mátíù gbè mí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ tukọ̀ kó lọ gbẹ́ tirẹ̀. Kingsley náà fẹ́ gbè mí. Ó ní nínú ọkọ̀ ńlá, bó ṣe wà nínú ìwé ni pé ẹni tó ń pa ìtàn ló ni àṣẹ ìkẹyìn, àti pé kúùkù kan tìtorí ẹ̀ bínú kúrò nídìí tábìlì. Mátíù bi í pé kúùkù wo. Kingsley nìkan ni kúùkù tó wà nínú ọkọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ tó gún mi jù ni èyí tí Promise kọ gbẹ̀yìn. Ó ní tí Moríkẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ níbí, àyè wà fún un ní Etikan. Moríkẹ́ kò ní òun ń bọ̀, kò sì ní òun kò ní wá. Mo ń ṣí fóònù, mo ń pa á. Mo ta epo fún ẹnì kan, mo gbàgbé láti dé kẹ́ẹ̀gì, epo ṣàn sórí pákó, Ìye, ìyá tó bí mi, fi iyanrìn bò ó. Nígbà tó yá, mo rí i pé ara mi kò ní balẹ̀ títí n ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí, mo bá gbéra.

Ó wà nídìí máṣìnnì. Mo kí i, ó kí mi, bí àlejò méjì tó bá ara wọn ní èbúté. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ojú gbogbo ayé ló ti wí i. Ó ní ṣé òun kò kọ́kọ́ wí i nínú ṣọ́ọ̀bù ni. Mo ní èyí tó wí tó, ó ní òun kò tíì wí nǹkan kan, òfin mi kò jẹ́. Ohùn rẹ̀ kò le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ máṣìnnì, aṣọ sì ń lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ibo gan-an ni ilẹ̀ wà tí o ti máa gbọ́ mi, Àràmídé?"

Mo ní Ìgbọ́kọ̀dá. Ọjọ́ ọjà ń bọ̀, mo fẹ́ lọ gbé epo, òun náà fẹ́ lọ ra òwú. Kó wọ ọkọ̀ mi. Tí ẹsẹ̀ wa bá ti kan ilẹ̀ gbígbẹ, kó sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀, n ó dúró gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n títí a ó fi débẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ẹnu mi ni èyí ti jáde, mo sì rò pé mo ti ṣe àánú.

"Mo gbọ́," ni Moríkẹ́ wí. Ó gé òwú pẹ̀lú eyín.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà dé, ojú ọjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo sáàárín ọkọ̀, Moríkẹ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì omi rẹ̀, ó lọ jókòó sórí pákó iwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò sọ̀rọ̀. Mo fa ẹ́ńjìnnì, ó kọ̀, mo tún un fà, ó gbà.

Tí mo bá dá lọ, ìdúró ni mo máa ń tukọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti mú un dáadáa, iwájú ọkọ̀ á gbéra sókè, ẹni tó bá jókòó sídìí kò ní rí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó. N kò tiẹ̀ ronú sí i. Tí ẹnì kan bá wà níwájú, ẹni ìdí á jókòó, bó ṣe mọ́ gbogbo wa lára nìyẹn láti kékeré.

Ìdákẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ń bá a jà nínú mi. Mo ti mọ gbogbo ohun tó máa sọ, mo ti dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti jàre. Mo ti ń bá Promise náà jà, mo ti rì í pẹ̀lú Kùtọnu rẹ̀. Bí ọkàn mi ṣe ń sáré ni ọwọ́ mi ń fún ẹ́ńjìnnì sí i.

Lẹ́yìn ibi tí odò ti yà, àwọn òpó èbúté àtijọ́ kan wà. Abúlé tó ni ín ti kó kúrò níbẹ̀, òpó kò bá wọn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn orí wọn máa ń yọ. Nígbà òjò, koríko ojú omi á bò wọ́n, ibẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ bí oko ẹ̀fọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n. Èmi náà mọ̀ wọ́n.

Moríkẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Kò yíjú padà, kò lanu. Ó kàn gbé ọwọ́ náà tààrà sókè orí, ó sì gbé e dúró.

Mo rí i. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀, ó ń nàwọ́ bí ọmọ iléèwé. Mo ní nínú mi pé o ò ní rí mi mú lónìí. Mo gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo àwọn ẹyẹ etí odò, mo sì fi kún iná ẹ́ńjìnnì.

A kọlu òpó náà gbàgà. Ẹ́ńjìnnì fò sókè, ó ké, ó kú. Kẹ́ẹ̀gì fọ́n ká. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lórí pákó iwájú.

Mo rí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárín koríko. Ọkọ̀ ti sún mọ́ òpó, ọwọ́ rẹ̀ sì wà láàárín méjèèjì. Mo fi ẹsẹ̀ ti òpó, mo fi gbogbo agbára mi ti ọkọ̀ kúrò, mo gbá a mú lọ́rùn aṣọ, mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. N kò rántí gbogbo ohun tí mo sọ. Òun kò sọ nǹkan kan. Àwọn ẹlẹ́ja tó ń bọ̀ láti ọjà ló bá mi fà á sínú ọkọ̀, wọ́n so wá mọ́ tiwọn, wọ́n yí padà, wọ́n wọ́ wa lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló kán. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kó dúpẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni. Wọ́n di í, wọ́n ní kó má fi ṣe ohunkóhun títí yóò fi jinná. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ló fi ń gé aṣọ. Bí a ṣe jáde, a jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, erùpẹ̀ gidi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, iyanrìn pupa tó gbẹ. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un. Mo ní kí n fún un ní ohun tí mo ṣèlérí.

"A ti gúnlẹ̀, Moríkẹ́. Sọ ọ́ báyìí, mo ń gbọ́."

Ó wò mí. Koríko ojú omi ṣì wà lára irun rẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́," ló wí.

Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló wọ̀ padà sílé. Mo rò pé ohùn orí fóònù ni ó ní òun ti fi sọ ọ́. Mo tún un gbọ́ nígbà tí mo délé, mo tẹ́tí sí i dáadáa láìbínú, ṣùgbọ́n kò dà bíi pé òun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sórí Wasáàpù mọ́ àfi Promise, tó ń kí i pé kó pẹ̀lẹ́, tó sì ní àyè rẹ̀ ṣì wà. Ojú ń tì mí láti lọ kí i. Mo ń rìn lórí pákó láti ìkángun kan dé ìkejì, mo máa fẹ́ yà, mo tún máa ń kọjá. Àwọn ará àdúgbò rò pé mo ń wá nǹkan tó sọnù.

Ìye ló pè mí. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń ṣa edé lórí àtẹ. Rèbékà lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìye la mọ̀ wọ́n sí. Láti ọjọ́ tí a ti ń ṣe eré yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù, ìdí edé wọn ni wọ́n máa ń wà, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n rí bóyá wọ́n fẹ́ bá wa ṣe é.

"Ghá jókòó," ni wọ́n wí. Mo jókòó. "Ta ló wà níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Moríkẹ́ ni, Ìye."

"Kò gbọ́wọ́ sókè?"

"Ó gbé e."

Wọ́n ṣa edé díẹ̀ sí i. Wọ́n ní ṣé mo rántí pé àwọn fúnra wọn ló máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ bàbá mi. Mo ní mo rántí. Irọ́ ni mo pa. Ohun tí mo rántí ni bàbá mi. Àárín ọkọ̀ ni wọ́n máa ń fi mí sí, wọ́n á yí mi kọjú sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ mi lójú. Ojú bàbá mi ni mo máa ń wò láti ilé dé ọjà. Ohùn wọn ni mo ń gbọ́. Ẹ̀yìn mi ni Ìye máa ń wà. Bàbá mi kì í wò mí, òkè orí mi ni ojú wọn máa ń gbà kọjá, ojú náà kì í sì í yẹ̀.

"O mọ ìdí tí kì í fi í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀?" ni Ìye bi mí. "Kí ojú rẹ̀ má bàa kúrò lára ọwọ́ mi. Tí mo bá gbé e sókè, á pa ẹ́ńjìnnì. Kì í kọ́kọ́ bi mí léèrè ìdí."

Mo máa ń rò pé omi ni bàbá mi ń wò. Ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n ń wò. Mo mú ìdákẹ́ inú ọkọ̀ náà, mo fi í ṣe òfin, mo sì sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dákẹ́ nù. Mo ṣe odindi ọkọ̀ kan, n kò fi ẹnikẹ́ni síwájú rẹ̀. Abájọ tí a kì í kọjá ẹnu odò. Mo sunkún níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ edé, Ìye sì fi mí sílẹ̀ kí n sun ún tẹ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ Moríkẹ́. N kò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé mo rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ojú kúrò ni. Ó ní òun mọ̀, òun gbọ́ bí iná ẹ́ńjìnnì ṣe lọ sókè. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Mo sọ fún un ohun tí Ìye sọ fún mi, mo ní láti Sátidé tó ń bọ̀ àyè kan máa wà níwájú ọkọ̀ nínú eré wa, ẹni tó bá wà níbẹ̀ máa lè gbọ́wọ́ sókè nígbàkígbà, Atukọ̀ á sì dúró. Kò ní kí n dìde, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní Etikan náà ti pe òun. Mo ní mo mọ̀. Aṣọ tí kò tíì gé wà lórí tábìlì, n kò lè máa wò ó, mo bá ń lọ.

Sátidé dé. Mo tẹ́ ẹní, mo fi àyè sílẹ̀ níwájú. Mátíù bi mí pé ta ló ni ibẹ̀, mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Kingsley ti fẹ́ jẹ gààrí rẹ̀ tán. Wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀, mo ní rárá. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà, mo to ike epo, mo tún lọ sẹ́nu ọ̀nà. Òkun ń bú lápá ọ̀hún bó ṣe máa ń bú. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó ti wọ ọkọ̀ Etikan láàárọ̀ nígbà tí pákó ìta dún.

Moríkẹ́ wọlé. Àjákù aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló fi gbé ọwọ́ kọ́rùn. Ó kí wa kú ìjókòó. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi ọwọ́ òsì mú ẹní tó ká lọ́jọ́ kìíní, ó tẹ́ ẹ síwájú, ó jókòó lé e.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Mo ti se ìtàn náà sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan: ọkọ̀ ń lọ, ilẹ̀ ti fara sin lẹ́yìn, ojú ọ̀run ń ṣú bọ̀, àwọ̀n kan sì wà lójú omi tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mátíù ti lanu sílẹ̀. Mo fẹ́ dé ibi tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, ibi tí mo ti ń sáré bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Moríkẹ́ yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú aṣọ, tòun ti ohun tí wọ́n fi dì í, ó sì gbé e sókè.

Inú bí mi. N kò ní purọ́, inú bí mi bí ó ṣe bí mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí, ọ̀rọ̀ ti dé etí ètè mi. Kingsley sorí kọ́, ó ń wo àárín pákó. Mátíù ń wò mí. Ọwọ́ náà wà lókè, kò sì tíì jinná.

Mo pa ẹnu mi dé.

"Kí lo rí?" ni mo bi í.

"Ó pọ̀," ni Moríkẹ́ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀.